Ohùn Tó Wà Nínú Àpótí Jíà

Ṣàkírù, nígbà tí o pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ lọ́sàn-án yìí, ohùn yẹn kò dákẹ́. O ò gbọ́, torí ò ń bínú sí fóònù tó kọ́ ọ níṣẹ́ ààbọ̀. Àmínà náà ò gbọ́, okùn orin wà létí rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Èmi gbọ́. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, mo ń gbọ́ òkun Gonzagueville tó ń pariwo lẹ́yìn ilé, ni mo bá gbọ́ tí ọkọ̀ ń kùn bọ̀ láti ìkóríta: ùn-ùn-ùùn, ó gòkè, ó já lágbedeméjì bí ẹni tó fẹ́ mí, ó tún sọ̀kalẹ̀. O wọlé, o yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Ohùn náà sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn nínú ọkọ̀.

O ní, "Bàbá, c'est bon, ó ti dáa, fidáǹjì àpótí jíà ni mo ṣe fúnra mi, ó kàn ń pariwo díẹ̀ ni." Fidáǹjì, bí àwọn ará ìlú yìí ṣe ń pe pípààrọ̀ ọ́ìlì. O kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì orí fóònù. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Àmínà, yọ okùn yẹn létí. Mo mọ̀ pé o gbọ́ Yorùbá ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. A ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà báyìí. Abẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná, a kì í sì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àṣìṣe tí o ṣe yìí, èmi ti ṣe é rí. Mo sì tún un ṣe. Bí mo ṣe tún un ṣe ló wá di àṣìṣe kejì, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní.

Ẹ ò bá àdúgbò Adjamé ìgbà yẹn. Lónìí, ẹ máa gbé ọkọ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ ti ń dán, wọ́n á ki okùn bọ̀ ọ́ nínú, ẹ̀rọ á sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ á máa mu kọfí. Nígbà tiwa, etí ni ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọjà, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ọ́ìlì ti sọ gbòǹgbò rẹ̀ di dúdú, ibẹ̀ ni Ọ̀gá Lásísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí pátákó, kò sí nọ́ńbà. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ìró òòlù ni wàá tẹ̀ lé. Àwọn oníṣòwò Jùlà tó ń kọjá á kí wọn kú iṣẹ́ ní èdè tiwọn, "I ni baara," wọ́n á dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀ láìyọ orí. Ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ máa ń tó mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀gá Lásísì ló máa ń mọ̀ ọ́n.

Irin gígùn kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi orí kan rẹ̀ ti àpótí jíà, wọ́n á fi orí kejì ti egungun ẹ̀yìn etí, wọ́n á dijú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ebi ń pa á," tàbí "Eyín ń ro ó." Mo ti rí i tí ọkọ̀ kan dé láti Bouaké, ẹni tó ni ín ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ọkọ ìyàwó tuntun ni, ó ń kánjú. Ọ̀gá gbọ́ ọ, wọ́n mú irin kúrò létí, wọ́n ní, "Má gbé e jáde lónìí." Kò gbọ́. Kò dé ilé àna rẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ẹrù ọkọ̀ ẹlòmíì ló ti padà wá.

Òfin tiwọn kò pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣí ẹnu kí o tó ṣí ìdí. Àpótí jíà ayé ìgbà náà ní ìdérí méjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè tí à ń gbà da ọ́ìlì sí i, ìkejì nísàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Bí o bá tú ti ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì jáde tán, tí ti òkè wá kọ̀ láti ṣí ńkọ́? O ti tú ìfun ẹranko, o ò sì rí ọ̀nà bọ́ ọ. Èkejì: inú abọ́ tánganran funfun ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kí a lè rí àwọ̀ rẹ̀, kí a fi ìka méjì ra á wò, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Iye tó jáde ni iye tó máa wọlé. Ẹ̀kẹta ló ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu: wọn kì í da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi ẹfun kọ orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ sára abọ́, ó dìgbà tí ọkọ̀ bá rìnrìn àjò kan tó bá padà kí wọ́n tó dà á. Mo bi wọ́n nídìí rẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rí ni. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, òun la ó bi."

Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá, àwọn ará ibí ń pè é ní Tábásíkì, ẹ ò ní rí ibi tẹsẹ̀ bọ̀ lábẹ́ igi yẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó fẹ́ kó àgbò ló ń wá gba ọ́ìlì tuntun. Àgbò mìíràn á ti wà nílẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ táyà, á máa ké, obìnrin á máa gbé àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, àti ẹja díndín kiri láàárín ọkọ̀. Lọ́dún kan, àgbò bàbá ẹlẹ́ran kan fi ìwo da abọ́ ọ́ìlì nù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá Lásísì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí bí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ títí di ọjọ́ kejì.

Awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà láyè kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Làmídì ni. Bàbá tó bí ìyá yín ni, ọ̀rẹ́ mi, ọkọ Sàláwà àbúrò mi. Ẹ̀yin mọ Màmá Sàláwà yín lágbà, tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n lẹ́yìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kí bàbá wa tó kó wa wá sílùú yìí. Làmídì ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kó ẹrù láti Adjamé lọ sí Bingerville. Èèyàn tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà lẹ́yìn sítíárín, tó bá ti bọ́ sí jíà kẹta, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nímú. Kì í ṣe orin tó lọ́rọ̀. Ùn-ùn-ùùn, á gòkè, á já lágbedeméjì, á mí, á sọ̀kalẹ̀. Ibi tó máa ń já sí lójú ọ̀nà Bingerville kì í yẹ̀. Bàbá Ebrié arúgbó kan, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ ibí, wà níbẹ̀ tó máa ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń hun àwọ̀n. Làmídì á dá kíkùn náà dúró láti fi orí kí i, bàbá á gbọ́wọ́ sókè, Làmídì á tún máa kùn lọ.

Ibà ló pa Làmídì. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọ́n sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, àwọn ọkùnrin gbé e lọ, obìnrin kì í dé ibojì ní ilé tiwa. Sàláwà wà nínú yàrá pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó gbé ọkọ rẹ̀ jáde. Kò sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀, kò sunkún, kò sì ríran. Ó kàn ń wo ògiri. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó nìyẹn, ní Anoumabo níbi tí a ń gbé.

Iléyá ń bọ̀. Ọkọ̀ wà níwájú ilé, ekuru bò ó. Mo wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àánú ṣe mí. Mo ní lọ́dọọdún, àsìkò yìí ni Làmídì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé torí ó kú ni ọkọ̀ rẹ̀ ò fi ní rí ìtọ́jú. Aṣọ ni mò ń tà ní Treichville, ẹ̀yin ọmọ mi. Àǹkárá ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣáà ń na sípánà sí Làmídì lábẹ́ ọkọ̀, mo rò pé ẹni tó ń na sípánà ti mọṣẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni mo sì lọ wọ̀ lóòótọ́: aṣọ iṣẹ́ Làmídì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, mo gbé e wọ̀.

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. A kì í wọ aṣọ òkú kí wọ́n tó ṣàdúà ogójì ọjọ́, kí wọ́n tó pín in. Ìyá àgbà kan ládùúgbò rí mi lójú ọ̀nà, ó dúró, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ tí wọn ò tíì pín ṣì ní ẹni tó ni ín. Ṣé o tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ́ìlì ni mo fẹ́ pààrọ̀, Màmá, n ò fẹ́ fi lọ òde.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìdí ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọ́ìlì tú jáde sínú bọ́kítì, ó dúdú, inú mi dùn. Mo wá kọjú sí ìdérí ẹnu. Kò mì. Mo fi agbára sí i, igun rẹ̀ bó, sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí rẹ̀. Mo ti tú ìfun, n ò rí ọ̀nà bọ́ ọ. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ sí Adjamé lọ sọ fún Ọ̀gá Lásísì. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tú awọ tó bo ẹsẹ̀ ọ̀pá jíà, mo ká pépà kàlẹ́ńdà di àrọ, ibẹ̀ ni mo ń gbà da ọ́ìlì tuntun sí i. Èló ni mo dà sí i? N ò mọ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ tí ì bá jẹ́rìí, mo ti fi kun òpó ilẹ̀kùn kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí ọkàn mi ní ó tó, mo dúró.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, Sàláwà ni mo gbé. Opó kì í jáde, àfi ohun tó bá pọn dandan, oyún sì gbọ́dọ̀ rí agbẹ̀bí. Èyí tó fọkàn tán wà ní Bingerville, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bo orí. A gun afárá, a la Plateau kọjá, a bọ́ sí ọ̀nà Bingerville. Nígbà yẹn, igi ló wà lọ́tùn-ún lósì níbi tí ilé alájà mẹ́fà wà lónìí. Mo bọ́ sí jíà kẹta. Láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ohùn náà ti jáde. Ùn-ùn-ùùn.

Mo di sítíárín mú le. Mo rò pé èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Sàláwà ti gbé aṣọ kúrò lórí etí rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́?"

Mo ní, "Jíà ni. Bóyá ọ́ìlì tuntun ni kò tíì mọ́ ọn lára."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó gòkè bíi ti Làmídì, ó sọ̀kalẹ̀ bíi tirẹ̀. Nígbà tí a súnmọ́ ibi tí bàbá Ebrié ń jókòó sí, ó já. Ó já pátápátá, ọkọ̀ ń lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá náà kò wòkè rárá, ojú rẹ̀ wà lórí àwọ̀n rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó kí wa. A kọjá, ohùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà ló rí gbágungbàgun níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ mi ló fúyẹ́ lórí iná. Nígbà tí a ń lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ iná mọ́lẹ̀ gbọinngbọin, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò. Ohùn já, bàbá gbọ́wọ́ sókè.

Láti ọjọ́ náà, oyún Sàláwà di oyún tí ó ń fẹ́ agbẹ̀bí lójoojúmọ́. Lónìí, ẹ̀yìn ń dùn ún. Lọ́la, ọmọ ò mì. Ọ̀túnla, ọmọ ń mì jù. Nọ́ọ̀sì Faransé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn á ní, "Madame, encore vous?" ìyẹn ni pé, ẹ tún ti dé? Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Alàgbà, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé oyún kì í ṣe iṣu tí à ń hú wò láràárọ̀." N ò lè sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sàláwà ń bọ̀, pé ojú ọ̀nà ló ń wá. Nínú ọkọ̀, á fi ọwọ́ kan sórí ikùn, á fi ọwọ́ kejì sórí ọ̀pá jíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, á dijú. Ó ti ń jẹun. Ó ti ń sùn. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti wo ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ń sọ̀kalẹ̀ láti Cocody lọ sí ọ̀nà ọ̀sà, nǹkan gbá lábẹ́ wa gbà, ọ̀pá jíà fò kúrò ní kẹta, ọkọ̀ sáré lọ bí ẹni tí wọ́n tì. Orí Sàláwà kan gíláàsì. Kí n tó rí i dá dúró, ó ku díẹ̀ ká kan ọkọ̀ akógẹdú tó dúró níwájú. Òórùn jíjóná kún inú ọkọ̀. Mo wò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. Ó ní, "Ẹ má dúró, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ tún un bọ́ sí kẹta." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bí n ò bá ṣe nǹkan, màá sin mẹ́ta.

Èmi nìkan ni mo gbé ọkọ̀ lọ sí Adjamé lọ́jọ́ kejì. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún Ọ̀gá Lásísì, ti aṣọ tí mo wọ̀ nìkan ni n ò sọ. Wọ́n gbé irin wọn, wọ́n ní kí n tẹ iná, wọ́n fi irin tì í, wọ́n dijú. Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n mú irin kúrò létí, wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ebi ń pa á. Irin ń jẹ irin. Ìrìn méjì, mẹ́ta, ó máa dì pa lójú ọ̀nà." Wọ́n wá ní, "Ta ló wọ aṣọ rẹ̀?"

Mo ní èmi ni.

Wọ́n mirí. Wọ́n ní, "Títún un ṣe ò le. Ṣùgbọ́n bí mo bá bọ́ ọ yó, á dákẹ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé o ti sọ fún ìyàwó rẹ̀? Lọ bi í kí n tó dí i."

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Mo ti bi í. Ó ní ká tún un ṣe." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ̀ pé á kọ̀, n ò sì lè fi ọkọ̀ yẹn gbé aboyún mọ́. Ọ̀gá Lásísì fi iná yan ìdérí ẹnu tí mo bà jẹ́, wọ́n fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lù ú yí, ó ṣí. Wọ́n tú ìwọ̀nba ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ sínú abọ́ funfun. Kò tó ìdajì. Èérún irin ń dán nínú rẹ̀ bí iyanrìn etí òkun. Wọ́n bi mí léèrè ọ́ìlì àkọ́kọ́, mo sọ fún wọn pé ó wà lára òpó ilẹ̀kùn, wọ́n sì wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. Wọ́n wá ń fi agolo mílíìkì dà á, agolo kan, òmíràn, títí ọ́ìlì fi dé ètè ẹnu ihò tó ń ṣàn padà. Wọ́n gbọ́ ọ pẹ̀lú irin. Wọ́n ní, "Ó ti yó." Ojú wọn ò dùn.

Nígbà tí mo gbé Sàláwà jáde lẹ́yìn ìyẹn, n ò sọ fún un pé a ti tún un ṣe. A bọ́ sí ọ̀nà Bingerville. Ó fi ọwọ́ sórí ọ̀pá jíà, ó dijú, ó ń dúró. Mo bọ́ sí kẹta. Afẹ́fẹ́ nìkan. Ó ń dúró síbẹ̀. A dé ọ̀dọ̀ bàbá Ebrié. Kò gbọ́wọ́ sókè. Ó gbójú kúrò lórí àwọ̀n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ọkọ̀ títí a fi kọjá, mo rí i nínú dígí tó bọ́ fìlà lórí.

Sàláwà ní, "Ẹ yí padà."

Mo ní a ò tíì dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí.

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Ìgbà tí a dé iwájú ilé ló tó tún sọ̀rọ̀. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sin ín, obìnrin kì í lọ, mo gbà. Èyí, ẹ̀yin lẹ sin ín, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ò sì pè mí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó bọ́, nígbà tí mo purọ́ fún Ọ̀gá Lásísì. Sàláwà wọlé, ó sunkún lọ́sàn-án yẹn, títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn obìnrin ilé ní a dúpẹ́, ó ti sunkún. Èmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí òórùn ọ́ìlì wà lára rẹ̀, n ò lè wọlé.

Ó bí obìnrin. Ramọ́tà ni orúkọ tí ààfáà pè é, Babárímisá ni ilé sọ ọ́, bí a ti ń sọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ lọ kó tó dé. Sàláwà ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bu oúnjẹ fún mi, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ. Títí di ọjọ́ kan tí ọmọ tó oṣù mẹ́jọ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún un lọ́mú. Ọmọ fi ẹnu sílẹ̀, ó ń wo òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nímú. Ó gòkè. Ó já. Ó mí. Ó sọ̀kalẹ̀.

Sàláwà gbójú sókè. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò sọ ọ́ mọ́ títí tí mo fi sin òun náà, àbúrò tí ó yẹ kó sin mí. Mo ti rò ó ní ọ̀nà gbogbo. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ inú oyún máa ń gbọ́ràn, pé jíà tó ń jẹ ara rẹ̀ ló gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì dì í mú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo gba èyí gbọ́. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í gbà á gbọ́.

Ọkọ̀ rẹ wá ńkọ́, Ṣàkírù? Ọ́ìlì tó jáde, o ní ìyá yín ò jẹ́ kí o dà á sí gọ́tà. Ó ṣeun. Mo rí i lẹ́bàá ògiri, ike omi mẹ́rin tó kún dẹ́nu. Èyí tí o dà sí i kò ju mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì tutù nígbà tí o wò ó, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ààyè ni à ń wò ó: kí ó dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí o mú ọ̀pá jíà dé ibi gbogbo tó lè dé, kí o wá tú ìdérí ìwọ̀n, kí o máa fún ọ́ìlì sí i títí yóò fi máa ṣàn jáde tín-ín-rín bí okùn òwú. Kò le. Kó tó di àṣálẹ́, a ó ti parí rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ohun tí n ò lóye ni pé ọkọ̀ tìrẹ kò jọ ti Làmídì ní ọ̀nà kankan. Kò yẹ kó mọ ohùn yẹn. Kò sì sí bàbá Ebrié kankan lẹ́nu ọ̀nà wa yìí, síbẹ̀ ó já, ó mí, kó tó wọlé. Èyí tó sì ń bá a lọ lẹ́yìn tí o pa ẹ́ńjìnnì, ìyá yín ni. Ó wà ní ìdí àdògán, ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń kùn. Láti kékeré ló ti ń ṣe é, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bí ẹ bá bi í, á ní irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Kò sí àwòrán bàbá rẹ̀ nílé yìí, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn tó wá sáyé, èmi tí mo mọ̀ ọ́n sì panu mọ́, torí mi ò lè sọ ìdajì rẹ̀ kí n má sọ ìdajì tó kù.

Nítorí náà, kí a tó tú ìdérí kankan, lọ pe ìyá rẹ. Má ṣàlàyé. Sọ pé èmi ni mo ní kó wá jókòó níwájú ọkọ̀. Àmínà, bá a gba ọ̀bẹ. Ṣàkírù, wa ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta àtíkẹ́, kí o sì yí padà. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin ń jẹ irin. Má tan rédíò. Bí ó bá bi ọ́ pé kí lò ń gbọ́, ní kó wá bi mí. Nígbà tí ẹ bá dé, màá ti wà ní ẹnu ọ̀nà, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú irọ́ tí mo pa. Lẹ́yìn náà ni màá bi í bóyá ká tún un ṣe lónìí, àbí kó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la. Ohun tó bá sọ la ó ṣe.

Gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbọ́, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Lọ pè é kó tó dákẹ́.